Ẹ Ya Ọ̀rá Yẹn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn mọ́tò kan fún yín. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ fìdí balẹ̀.

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ra mọ́tò. Kì í ṣe tòkunbọ̀ o. Tuntun ni. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní "tear rubber". Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí orí yíya ọ̀rá ni ìtàn yìí dá lé.

Bàbá Àbíjàn là ń pè wọ́n nílé. Tẹ́ ẹ bá mọ Èjìgbò, ẹ ò ní bi mí pé kí ni wọ́n wá lọ Àbíjàn. Agboolé tí ò lẹ́nì kankan ní Ivory Coast ò pọ̀ nílùú wa. Àwọn ọmọ kan wà ládùúgbò mi tó jẹ́ pé tínú bá bí wọn, Faransé ni wọ́n fi ń bú ara wọn.

Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí Bàbá fi ta ọjà ní Treichville. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Èjìgbò, bí àlejò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́: ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, wọ́n á tún ti di ẹrù. "Tí mo bá darí wálé pátápátá" ni gbólóhùn wọn. Gbogbo nǹkan ló ń dúró de ọjọ́ yẹn. Àga pálọ̀, inú ọ̀rá ló wà. Fíríìjì, ọ̀rá. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n pàápàá, ọ̀rá.

Ìgbà tí mọ́tò wá dé láti Èkó, òun náà gbé tiẹ̀ wá: ọ̀rá funfun lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lórí òrùlé, lórí búùtù.

Ẹ̀yin tó jẹ́ tòkunbọ̀ nìkan lẹ mọ̀, ẹ lè má rí irú ọ̀rá yìí rí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe mọ́tò ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ibi tó kọjú sókè ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, torí ibẹ̀ ni nǹkan ń bọ́ sí: eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun. Mọ́tò lè pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kó tún pẹ́ ní èbúté.

Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kì í le. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kó lè rọrùn láti bó tí mọ́tò bá dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀rá ojú ọ̀nà ni. Kì í ṣe ọ̀rá ilé.

Àwọn tó ta mọ́tò fẹ́ bó o kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Bàbá kọ̀.

Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní, "Máa tan án lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀rá yìí. Èmi ni màá fọwọ́ ara mi ya á. Tó bá di Iléyá ọdún tó ń bọ̀, òun la máa gbé lọ sí yídì."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ máa yà á, Bàbá."

Ọdún tó ń bọ̀ yẹn ni 2020. Ṣé ẹ rántí 2020?

Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ láti Àbíjàn bọ̀ nílé, ẹnubodè mẹ́rin ló máa kọjá: Elubo, Aflao, Hilla-Condji, Sèmè. Kòrónà dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ghana ò ṣí ẹnubodè orí ilẹ̀ tiẹ̀ padà títí di oṣù kẹta ọdún 2022. Ẹ ní ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ọjà ò tà. Owó tó yẹ kí wọ́n fi wọkọ̀, wọ́n fi ń jẹun ni.

Iléyá 2020 kọjá. Ti 2021 kọjá. Mọ́tò wà níwájú ilé, nínú oòrùn, pẹ̀lú ọ̀rá lára. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń tan án lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo tún máa ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìparí 2020 ni mo kọ́kọ́ rí i pé etí ọ̀rá ti ń ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú. Iyanrìn ti wọ abẹ́ rẹ̀. Mo pe Bàbá. Wọ́n ní, "Fi sílẹ̀. Mò ń bọ̀."

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rèé: mo ti gbìyànjú ẹ̀. Mo di etí yẹn mú, mo fà á. Kò bó. Ńṣe ló kán bí ewé gbígbẹ, tó fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lára ọ̀dà. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi ìka tẹ èyí tó kù mọ́bẹ̀, mo wọlé lọ.

Oòrùn ló fà á. Ọ̀rá tó yẹ kó máa nà, oòrùn á gbẹ ẹ́ títí á fi máa kán. Gọ́ọ̀mù tí ò le tẹ́lẹ̀ á gan mọ́ ọ̀dà. Omi àti iyanrìn á gba etí wọlé, wọ́n á há sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kó ṣọ́ ọ̀dà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀dà.

Ní 2022, ọmọ wọn pè láti Àbíjàn. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ò gbé mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ń wọ́ nílẹ̀. Rọpárọsẹ̀.

Oṣù kẹfà ni wọ́n gbé wọn wálé. Wọ́n darí wálé pátápátá lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn ò wo ilé. Mọ́tò ni wọ́n ń wò. Mi ò lè wo ojú wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje. Iléyá di ọ̀la. Mo lọ pe ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń kun mọ́tò. Ẹnì kan ti mú abẹ wá, ẹlòmíì gbé tínà. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ kó méjèèjì kúrò níbí. Abẹ á ha á, tínà á bá ọ̀dà jẹ́."

Ooru ló lò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ooru díẹ̀, kí gọ́ọ̀mù rọ̀, kì í ṣe kí ọ̀dà jóná. Ká wá fi èékánná gbé etí rẹ̀, ká fà á sẹ́yìn, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn mọ́ ara mọ́tò, ká má fà á sókè. NEPA mú iná lọ. A se omi, a ń ki táwẹ̀lì bọ̀ ọ́, a ń fún un, a ń tẹ́ ẹ lé e.

Gọ́ọ̀mù tó kù, kẹrosíìnì díẹ̀ lára aṣọ rírọ̀ ló fi ń nù ún. Ó kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan ná. Lẹ́yìn náà ló fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kíá.

Bàbá jókòó sórí àga oníke, wọ́n ń wò wá. Tí ọwọ́ wa bá ti fẹ́ yá jù, wọ́n á ní, "Doucement." Ẹ̀lẹ̀ẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ahọ́n wọn ti wúwo, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì já gaara.

Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ì bá gbà wá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ní 2019.

A fi igun kan sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. A ti fi ooru rọ̀ ọ́. Mo ní, "Bàbá, tiyín rèé." A gbé wọn dìde. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi dì í mú. Ó bó. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n dì í mú, wọ́n ń wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan.

Igun tí mo ti fà á ní 2020, àpá wà níbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ibi tí etí ti ká ti pàwọ̀ dà, kò sí kẹrosíìnì tó lè mú un lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà wọ́n lọ sí yídì. Iwájú ni wọ́n jókòó sí. Bá a ṣe ń bọ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, mo fà á lọ́jọ́sí. Ó kán. Mi ò sọ fún yín."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo rí i nínú fọ́tò tó o gbé sórí Facebook."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kí ló dé tó ò fi yà á tán?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Títí dòní, mi ò tíì rí i.

Bá a ṣe délé, wọ́n ní kí n lọ mú abẹ wá. Kì í ṣe fún mọ́tò o. Fún àga pálọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ jókòó lórí àga yẹn tí ò dún gbàràgàdà lábẹ́ wa.

Bàbá ṣì wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Wọ́n máa ń jókòó sí iwájú mọ́tò yẹn nírọ̀lẹ́, nígbà míì kó má tiẹ̀ lọ síbì kankan.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí ọ̀rá ṣì wà lára nǹkan tó o fowó ẹ rà: o ti délé. Yà á.