Ẹ̀wá Tí Mo Dì Mọ́wọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lójúde wa ní Kétu, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi a máa kọjú sí ara wa nídìí belote, a ó sì máa bá ará àdúgbò méjì ta á. Káàdì 32 ni, mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí olúkúlùkù bá ti ju ẹyọ kan, ẹni tí tirẹ̀ borí ni yóò kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àpapọ̀ àmì, pẹ̀lú 10 tó wà fún ẹni tó bá kó ti ìkẹyìn, jẹ́ 162. Bí àmì àwọn tó mú atout bá kéré sí ti àwọn tó ń dènà, gbogbo 162 di ti adènà.

Iṣẹ́ adènà ló le jù, nítorí a kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Káàdì tí ẹnìkejì rẹ bá jù nìkan ni ohùn rẹ̀. O ní láti máa ka èyí tó ti jáde, kí o sì rántí èyí tó kù.

Lọ́jọ́ kan, àwọn alátakò wa mú cœur. Ó ku káàdì méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, atout sì ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ju as pique. N kò ní pique. Dix carreau àti sept trèfle ló kù lọ́wọ́ mi. Kò sí ohun tó lè borí as náà, ó sì yẹ kí n fi dix lé e. Ṣùgbọ́n mo ṣahun. Mo fẹ́ kí dix mi fúnra rẹ̀ kó ti ìkẹyìn, kí ògo rẹ̀ lè jẹ́ tèmi. Mo ju sept. Mo ti gbàgbé pé as carreau kò tíì jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ju carreau tó kù lọ́wọ́ wọn. Alátakò gbé as kalẹ̀, ó sì kó dix mi lọ.

A ka àmì: tiwa 75, tiwọn 87. Ká ní mo ti fi dix náà sílẹ̀ ni, à bá ní 85, wọn ì bá ní 77, gbogbo 162 ì bá sì jẹ́ tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú. Wọ́n kó káàdì jọ, wọ́n ní: « Àbúrò, ta lò ń bá ta? »

Ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí owó lè tó fún ẹ̀kọ́ mi, títí mo fi gba licence. Ohun tó níye lórí jù lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi lé káàdì tèmi, nígbà tí kò tíì dájú pé mo lè kó ohunkóhun.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, as ẹ̀gbọ́n mi tún balẹ̀. Mo fi dix mi lé e láìjáfara. Wọn kò wí nǹkan kan. Wọ́n kàn kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́dọ̀.