Kámẹ́rà Méjì, Owó Kan Ṣoṣo

Iṣẹ́ fọ́tò ni ọkọ mi ń ṣe. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ ni a fi ń gbọ́ bùkátà ilé, ṣùgbọ́n ojú àwọn àgbà tí wọ́n kọ ilà ni iṣẹ́ tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti ya alábàjà, ó ti ya onípélé àti onígọ̀ǹbọ́ ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irú wọn kò pọ̀ mọ́, nítorí pé ìran tiwa kò kọlà. Nínú àwọn tí ó yà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mẹ́ta ti jáde láyé.

Nígbà tí àjọ kàn wá, tí a fi kún owó tí a ń tọ́jú láti fi ra ilẹ̀, ó ní, "Àṣàkẹ́, jẹ́ kí á ra kámẹ́rà náà kí àwọn tó kù tó tán."

Mo ní, "Àkànní, ilẹ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ilẹ̀ yóò dúró dè wá. Àwọn ìyá yìí kò lè dúró."

N kò rí èsì fún un.

Kámẹ́rà medium format ni ó ń sọ. Sẹ́ńsọ̀ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé nínú kámẹ́rà. Ti full frame tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò jẹ́ mìlímítà 36 sí 24. Ti àwọn tí à ń wí yìí jẹ́ 43.8 sí 32.9. Ó fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta fẹ̀ jù ú lọ. A kò tilẹ̀ dárúkọ Phase One ti ilẹ̀ Denmark, tí megapixel tirẹ̀ tó 151. Èyí kọjá agbára wa. Méjì ló kù: Hasselblad X2D 100C ti ilẹ̀ Swídìn, àti Fujifilm GFX 100S ti ilẹ̀ Jàpáànù. Ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ wọn dọ́gba, megapixel wọn sì lé ní 100.

Hasselblad ni ọkàn ọkọ mi fà sí. Òun ni wọ́n gbé lọ sí òṣùpá ní 1969. Ẹ̀bùn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fún Malick Sidibé ti ilẹ̀ Màlì ní 2003. Ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ ju òkìkí lọ. Inú lẹ́ńsì ni ṣọ́tà Hasselblad wà, nítorí náà fúláàṣì lè bá a ṣiṣẹ́ títí dé ìdá kan nínú 4,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ọ̀sán gangan, oníṣẹ́ lè fi èyí borí oòrùn. Ní ti Fujifilm, ìdá kan nínú 125 ni fúláàṣì ń dúró sí lọ́nà tí a mọ̀ ọ́n sí.

Èmi ní tèmi wo ibi tí owó ilé ti ń wá. X2D kì í ya fídíò. GFX ń yà á, àwọn olóde ìgbéyàwó sì ń béèrè fún un. Ní 2021, dọ́là 5,999 ni GFX 100S fi jáde. X2D fi dọ́là 8,199 jáde ní 2022. Àwòrán kan lásán sì lè tó nǹkan bí 200 MB, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ní láti ra ibi ìpamọ́ pẹ̀lú.

Ìpamọ́ yìí ló parí àríyànjiyàn. Káàdì SD méjì ni GFX ń gbà, ó sì lè kọ àwòrán kan náà sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi í pé, "Bí káàdì kan bá bàjẹ́, tí ìyá náà sì ti lọ, ta ni ẹ fẹ́ padà lọ yà?" Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní òun lè máa gbé àga wọn sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí oòrùn má baà jẹ́ ìjà.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àlòkù GFX ni a rà. Lára ohun tó ṣẹ́ kù ni a fi ra ibi ìpamọ́ méjì. A dá ìyókù padà sínú owó ilẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ fẹ́ ra irinṣẹ́ olówó ńlá, ẹ bi iṣẹ́ yín léèrè kí ẹ tó bi òkìkí.

Lóṣù tó kọjá, ó ya ìyá onípélé kan ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí a fẹ ojú wọn tóbi lórí kọ̀ǹpútà, a rí i pé ilà kan kúrú ju àwọn yòókù lọ. Ọmọ wọn, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ní òun kò rí i rí.