Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn

Kò sí ọmọ tó ń lọ sí pápá nílùú Òmù-Àrán tí kì í fẹ́ wà níwájú. Mo mọ ohun tó fà á. Rashidi Yekini, ọmọ Ìrá, ìlú Ọya tí kò jìnnà sí wa, ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Nàìjíríà nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, lọ́dún 1994, nígbà tí a pàdé Bulgaria ní Dallas. Gbogbo wa la rí i tó di àwọ̀n mú tó ń ké. Ìrá náà ni wọ́n sin ín sí nígbà tó kú lọ́dún 2012. Ọmọ Ìgbómìnà tàbí ọmọ Ìbọ̀lọ́ tó bá ti ń gbá bọ́ọ̀lù, Yekini ló wà lọ́kàn rẹ̀, n kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni balógun ikọ̀ tí Yekini wà nínú rẹ̀ lọ́dún náà, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni iṣẹ́ tirẹ̀: Stephen Keshi, tí wọ́n ń pè ní Big Boss.

Keshi kì í ṣe Yorùbá. Illah ní ìpínlẹ̀ Delta ni ilé bàbá rẹ̀, Azare lápá Òkè Ọya ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1962, ilé-ìwé St. Finbarr's ní Àkọkà, l'Ékòó, ló sì ti di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Ó ga, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé òpin pápá. Iṣẹ́ ẹ̀yìn tó ń ṣe yẹn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé èèyàn lé èjìká. Bí ó bá ṣe é dáadáa ní ìgbà ogún, ẹnu kì í kún un; bí ó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré, odidi orílẹ̀-èdè yóò máa pe orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó wà níwájú ti kẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn sì ni gbogbo eré ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀. Ó rí ẹni tó ti rẹ̀, ó rí ẹni tó gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró sí, ó rí ewu kí ewu tó dé. Èrò mi láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ibẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lọ́dún 1985, àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù nílé wa fi òfin dè é pé kò tètè dé ibùdó ìgbaradì. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba Abidjan lọ. Láti ibẹ̀ ló ti dé Lokeren ní Belgium, lẹ́yìn náà ó dé Anderlecht, ẹgbẹ́ ńlá tó bá wọn gba ife liigi lọ́dún 1991. Ọ̀nà tó là yẹn ni àwọn ọmọ wa mìíràn ń tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ló wá di àǹfààní fún gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọdún 1994. A gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunisia, Keshi sì ni balógun. Nígbà tí a dé Amẹ́ríkà fún ti àgbáyé, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí nígbà tí Yekini ń di àwọ̀n mú. Ìdíje wa pẹ̀lú Greece nìkan ló gbá. Balógun tó jókòó! Àgbàlagbà tó ti rí ipò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí lára. Kò fi ìbínú ba ilé jẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, California ló ti kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lẹ́ẹ̀mejì ló bá wọn gbé ẹgbẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ife-ẹ̀yẹ àgbáyé tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Àkọ́kọ́, ó jẹ́ igbákejì fún Shaibu Amodu, akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà. Wọ́n rí tíkẹ́ẹ̀tì 2002 gbà fún wa, ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣe ipò kẹta nínú ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali, wọ́n lé gbogbo wọn, ó di Bàbá Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, tó kó ẹgbẹ́ lọ sí Japan. Ẹ̀ẹ̀kejì ni Togo, orílẹ̀-èdè kékeré tí kò débẹ̀ rí. Keshi ló kó wọn débẹ̀, pẹ̀lú Emmanuel Adebayor tí orúkọ rẹ̀ ti sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ wa ni. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, Togo fìdí rẹmi nínú ìdíje mẹ́ta níbi ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Egypt, wọ́n sì fi òyìnbó Jámánì, Otto Pfister, rọ́pò rẹ̀. Òyìnbó ló bá wọn dé ibi tí Keshi ti la ọ̀nà rẹ̀.

Kì í ṣe nínú bọ́ọ̀lù tiwa nìkan ni ẹni ẹ̀yìn ti ń di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọdún 2006 yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ Texans ní Houston, l'Amẹ́ríkà, mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ DeMeco Ryans. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé nílùú náà ló là mí lójú sí irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá níbẹ̀, tó kọ́kọ́ dà bí ìjà lójú mi. Ẹni mọ́kànlá ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, akoto lórí gbogbo wọn. Àwọn òmìrán ló ń bẹ̀rẹ̀ síwájú tí wọ́n ń fi ọwọ́ kanlẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ẹni tí wọ́n ń pè ní linebacker ń dúró sí. Kì í bẹ̀rẹ̀. Ó nàró, ojú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ó ń nawọ́, ó ń pariwo kí ẹni báyìí sún, kí ẹni báyìí padà, kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ Ryans nìyẹn. Ó tayọ nínú rẹ̀ títí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi já lọ́dún 2010. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Philadelphia, ó tún fara pa níbẹ̀, ó sì fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2015. Ipò tó kéré jù lọ láàárín àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n gbà á sí ní San Francisco lọ́dún 2017. Lẹ́yìn náà ó ń kọ́ àwọn linebacker, lẹ́yìn náà gbogbo ìhà ẹ̀yìn di tirẹ̀. Ọdún 2023 ni Houston pè é padà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá pátápátá, wọ́n sì bá a kọ àdéhùn ọdún mẹ́fà. Ẹgbẹ́ tó borí nínú ìdíje mẹ́ta péré lọ́dún tó ṣáájú borí nínú mẹ́wàá. Ọdún mẹ́fà! Ta ló fún Keshi ní ọdún mẹ́fà rí?

A gba Keshi gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles, ikọ̀ orílẹ̀-èdè wa, ní ìparí ọdún 2011. Ohun tó ṣe níbi ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa lọ́dún 2013 ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó mú Godfrey Oboabona, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Sunshine Stars ní Àkúrẹ́, ó fi í sáàárín ẹ̀yìn pẹ̀lú Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Joseph Yobo, balógun, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ni Keshi fi sórí bẹ́ńṣì. Ẹni tó ti jókòó síbẹ̀ rí ló lè ṣe é, torí ó mọ ohun tí yóò sọ fún Yobo tí kò fi ní di ọ̀tá. Sunday Mba, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi borí Burkina Faso ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Yobo wọlé nígbà tí eré ń parí, òun ló sì gba ife lọ́wọ́ wọn. Keshi di ẹnì kejì, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ti Egypt, tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Lọ́jọ́ kejì gan-an, ó kéde pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó padà. Lọ́dún kan náà, wọ́n jẹ ẹ́ ní owó oṣù, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́. Ní Brazil, lọ́dún 2014, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó fi ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá kó ẹgbẹ́ kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, kí France tó dá wa dúró. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ìparí ọdún 2015. Òun náà kú ní Benin ní oṣù kẹfà ọdún 2016, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Amodu, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, kú nílùú kan náà. Pápá ìṣeré Asaba ti ń jẹ́ orúkọ Keshi báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù tó bọ́ sí àsìkò ì bá tún dára jù.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Ọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti gbá bọ́ọ̀lù dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, orúnkún rẹ̀ kan kò sì ká dáadáa mọ́. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ Òmù-Àrán àti ti Èsìẹ́ máa ń péjọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Òkúta ló fi ń sàmì sílẹ̀. Á gbé bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀ ọmọ kan, kí ọmọ náà tó gbá a, á pariwo: "Ta ló wà lẹ́yìn rẹ?" Ọmọ tí kò bá lè dáhùn láìyíjú padà, á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, á fún ẹlòmíràn. Mo ti rí ọmọ tó ń sunkún nítorí ìbéèrè yẹn, mo sì ti rí ọmọ kan náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tó ń darí àwọn tó dàgbà jù ú lọ láti ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ sókè, ohùn rẹ̀ ń dún.

Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin náà. Bọ́ọ̀lù tó ń lò, òun ló ń fi owó ara rẹ̀ rà á. Ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn lágbára láti gba irú rẹ̀ síṣẹ́, kí wọ́n rán an lọ gba ìwé-ẹ̀rí, kí wọ́n sì fún un ní ọdún tó pọ̀ tó láti fi ṣiṣẹ́ náà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó yẹ sọ ọ́, mo sì ń bẹ ẹ̀yin ọmọ Ìgbómìnà tó wà nílé lókò kí ẹ bá mi sọ ọ́.