Fífi Ọmọ Ra Ìlú

Ẹ̀yin ọmọ Ìwó tí ẹ ń tọ́mọ ní Ìlú Ọba, géèmù tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbá lóru kì í ṣe ìfàkókò-ṣòfò nìkan. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ìtàn inú rẹ̀ tó ohun tí àwọn àgbà ń jókòó lé lórí lábẹ́ igi. The Last of Us lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Naughty Dog ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ó jáde ní 2013, HBO sì sọ ọ́ di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 2023.

Àrùn ló ba ayé jẹ́ nínú ìtàn náà. Irú olú kan wà lóòótọ́ tó máa ń wọ ara èèrà nínú igbó, tí yóò darí èèrà náà títí yóò fi gun ewéko, tí yóò deyín mọ́ ewé, kí olú tó hù jáde lórí rẹ̀. Àwọn tó kọ géèmù yìí bi ara wọn pé bó bá jẹ́ ènìyàn ni olú náà wọ̀ ńkọ́? Àwọn tí àrùn náà ti pẹ́ lára wọn nínú géèmù, olú ti bo ojú wọn pátápátá. Wọn ò ríran mọ́, ìró ni wọ́n fi ń wá ènìyàn kiri. Ẹni tó ń gbá géèmù náà á lóṣòó, á máa yọ́ rìn, á sọ ìgò sí ọ̀nà ibòmíràn kí wọ́n lè sáré tọ ìró rẹ̀ lọ. Ọta ìbọn kì í tó. Aṣọ tí wọ́n á fi di ọgbẹ́ kì í tó. Inú ilé táwọn onílé ti sá kúrò ni wọ́n ti ń ṣí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Oko ìwájẹ ni gbogbo rẹ̀, àwa tí ìlú wa jẹ́ ìlú odídẹrẹ́ sì mọ àdúrà tí à ń gbà pé kí odídẹrẹ́ má kú sóko ìwájẹ.

Ṣùgbọ́n Joel, ọkùnrin tí ẹni tó ń gbá géèmù náà ń darí, ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí ayé dàrú, sójà yìnbọn pa ọmọbìnrin rẹ̀, Sarah, mọ́ ọn lápá. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó sin ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ellie, ọmọ ọdún 14, la Amẹ́ríkà kọjá. Ẹni tó ní àrùn ti gé Ellie jẹ, síbẹ̀ àrùn náà kò ràn án. Àwọn Yorùbá ní ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Joel ò fẹ́ fìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Díẹ̀díẹ̀, lójú ọ̀nà, ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ rẹ̀.

Wọ́n dé ilé ìwòsàn ní Salt Lake City. Àwọn dókítà ní àwọn lè rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe láti ara Ellie, tí ayé yóò fi bọ́, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n máa là, kò sì ní yè é. Joel kọ̀. Ó pa àwọn tó dí i lọ́nà, ó gbé ọmọ náà tó ṣì ń sùn nínú oògùn, ó sá lọ.

Ta ni kò rántí Mọ́remí níbí? Ifẹ̀ ni Adékọ́lá Telu, ọmọ Lúwo, obìnrin tó jọba níbẹ̀, ti jáde kí Ìwó tó dìlú, nítorí náà tiwa ni ìtàn Mọ́remí pẹ̀lú. Àwọn ará Ùgbò ń ya wọ Ifẹ̀, koríko ni wọ́n fi bora, àwọn ará ìlú sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọ́remí jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà wálé, àwọn ará Ifẹ̀ sì fi iná ṣẹ́gun wọn. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò bèèrè. Ó fi í lélẹ̀. Ifẹ̀ ní gbogbo àwọn yóò máa jẹ́ ọmọ fún un títí láé.

Ìyá kan fi ọmọ tó bí ra ìlú. Ọkùnrin kan fi gbogbo ayé ra ọmọ tí kò bí. Nínú ìtàn Mọ́remí, etí la fi ń gbọ́, a ó kẹ́dùn, a ó sì kọjá. Nínú géèmù, ọwọ́ ẹni tó ń gbá a ló ń ṣe é. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, dókítà dúró síwájú Ellie pẹ̀lú ọ̀bẹ. O lè dúró síbẹ̀ bó o bá ṣe fẹ́, ìtàn ò ní sún síwájú títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi pa á. N kò tíì rí ìwé tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

Ìwó kì í ṣe àlejò sí ayé tó dàrú. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń wó, tí ogun ń kó ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn, ọmọ ń sọnù lọ́wọ́ ìyá. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ní Òṣogùn. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta. Ìlú wa fẹ̀ ní sẹ́ńtúrì yẹn nítorí àwọn tó sá wá bá a láti àwọn ìlú tó tú. Ọmọ tí kò ní ìyá mọ́, ta ló fún un lẹ́kọ mu bí kò ṣe ẹni tí kò bí i? Irú Joel pọ̀ láàrin àwọn tó kọ́ ìlú wa, a kàn ò mọ orúkọ wọn ni. Èmi gbà pé ìtàn yẹn tó géèmù. Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù ti gbé géèmù Aurion jáde ní 2016, Maliyo sì wà ní Èkó tó ń ṣe géèmù láti 2012. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níhìn-ín lè ṣe ti Ìwó.

Ohun tó ń dùn mí ni irọ́ tí Joel pa. Nígbà tí Ellie jí, ó sọ fún un pé àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀, pé àwọn dókítà ti jáwọ́ níbẹ̀. Nínú apá kejì, tó jáde ní 2020, Ellie mọ òótọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dárí jì í. Kò sẹ́ni tó bi í kí wọ́n tó gbé e sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó bi í kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀. Nínú ìtàn bí mo ṣe gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò bi Olúorogbo náà. Mo wà lẹ́yìn Joel pé ó gbé ọmọ náà, n kò sì ní yí ohùn padà, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn burú. Ọ̀pọ̀ wa níbí ló fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìwó, tàbí tó fà á tu lójijì wá sínú òtútù yìí, tí a kò sì tíì sọ ìdí rẹ̀ gan-an fún un. Wọ́n ti dàgbà tó ẹni tí à ń sọ ọ́ fún.

Àwọn tó ti pé ọdún 18 ni géèmù náà wà fún. Kí òbí má rà á fún ọmọdé. Ẹni tó bá ti gbá a parí nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, mo fẹ́ kó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yìí, ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kó sọ fún wa ohun tí òun ì bá ṣe ká ní òun ni Mọ́remí.