QTS kì í ṣe físà

Àbúrò mi tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ìdòfin ti gba QTS, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ England tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún àwọn tíṣà Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2023. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku ilé-ìwé tó máa gbà á síṣẹ́, tó sì láṣẹ láti ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà!

Ìyá wa ti gbààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n ní kó dúró de Olúwa. Ó ṣe àmín, ó gbé fóònù lọ sábẹ́ igi máńgòrò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó tún kọ̀wé síbòmíràn. Ìgbàgbọ́ tèmi nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni ilé-ìwé kan ní Leeds máa fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹ bá wa gbàdúrà o, kẹ́ ẹ sì bá wa bẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì.