Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ọkọ̀-Ilé àti Táyà Rẹ̀ ní Dagenham

Bí ẹ bá gba ọ̀nà A13 láti Barking lọ sí apá ìlà oòrùn, ẹ ó rí ilé iṣẹ́ Ford ní ọwọ́ ọ̀tún, ní ẹ̀bá odò Thames. Ọdún 1931 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Láti 2002 wọn kò to odindi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣe ẹ́ńjìnnì oní-díísù, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú Ford Transit. Lórí Transit àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń kọ́ ọkọ̀-ilé lé, ìyẹn ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní motorhome: ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú.

Ẹ yà wọ Becontree, ẹ ó rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ilé níbí àti lọ́hùn-ún. Láàárín 1921 sí nǹkan bí 1935 ni ìjọba London kọ́ àdúgbò ńlá yìí fún àwọn òṣìṣẹ́, ilé tó lé ní 25,000. Nígbà náà, òṣìṣẹ́ tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà iwájú ilé kò fẹ̀. Lónìí, ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé kò sí àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ kan ní England àti Wales tí ìdá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 pọ̀ tó ti Barking àti Dagenham. Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ. Yàrá méjì ní òtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, owó ti tán kí ọjọ́ kẹta tó pé. Ọkọ̀-ilé tí ẹbí méjì dawó rà máa ń fa ojú mọ́ra: ibùsùn wà, ẹ̀gúsí wà nínú ìkòkò, etíkun Clacton kò sì jìnnà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tó ń ra irú ọkọ̀ yìí mọ̀. Ọkọ̀ tí a ń wà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, eyín táyà rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ tán kí ó tó gbó. Ọkọ̀-ilé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè dúró níwájú ilé láti oṣù kẹsàn-án títí di ọdún Àjíǹde, kí gbogbo ìwúwo rẹ̀ máa tẹ ojú kan náà, kí oòrùn àti òtútù máa bá rọ́bà jà. Eyín táyà á máa dán bí ti titun, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń sán. Afẹ́fẹ́ pẹ̀lú á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀, láìsí ìṣó kankan nínú rẹ̀.

Ẹbí méjì kan tí mo mọ̀ dáadáa dawó ra ọkọ̀-ilé àlòkù. Ó ku owó díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bàbá kan ní kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ aṣọ́táyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà tó sì ń kìlọ̀ fún awakọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní táyà gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 15, ló tanná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn.

“Mọ́mì, ẹ wá wò ó. Wọ́n kọ DOT síbí, nọ́ńbà mẹ́rin ló sì parí rẹ̀: 2311.”

“Kí ni ìyẹn wí?”

“Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é, mà.”

Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á fúnra rẹ̀. Eyín táyà náà jìn ju 1.6 mm tí òfin béèrè lọ dáadáa. Kò sí ọlọ́pàá tó máa dá wọn dúró nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n fi owó náà ra táyà, wọ́n sì dúró oṣù méjì sí i kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ.

Ìpinnu tó dára ni, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìtàn orílẹ̀-èdè yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, bọ́ọ̀sì kan ń gbé àwọn ọ̀dọ́ padà láti ibi àjọ̀dún orin Bestival ní Isle of Wight. Táyà iwájú rẹ̀ bẹ́ ní ọ̀nà A3, nítòsí Hindhead ní Surrey. Ènìyàn mẹ́ta kú, awakọ̀ wà lára wọn. Táyà yẹn ti pé ọdún 19. Ó dàgbà ju bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lọ. Frances Molloy, tí ọmọ rẹ̀ Michael wà lára àwọn tó kú lẹ́ni ọdún 18, kò dákẹ́. Ó jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí òfin fi jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2021 pé táyà tó ti pé ọdún 10 kò gbọdọ̀ wà ní iwájú bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Ó kan bọ́ọ̀sì kékeré tó ní ìjókòó èrò 9 sí 16 náà, nítorí náà kí àwọn tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì ìjọ tẹ́tí sílẹ̀. Kò kan ọkọ̀-ilé tí ẹbí ń lò fúnra wọn. Ẹ̀rí ọkàn wa ni òfin níbẹ̀.

Bí táyà bá ti dára, ẹ jẹ́ kí a wá yan ẹ̀rọ.

Oríṣi méjì ló wà. Èkíní kò wọn afẹ́fẹ́ rárá. Bí àgbá kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí ló ń wò, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín máa ń yára yí ju àwọn yòókù lọ. Bí gbogbo táyà bá jọ ń jò díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù, ó lè má rí i. Èkejì ní sẹ́ńsọ̀ lára táyà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi iye afẹ́fẹ́ hàn ní nọ́ńbà. Èkejì yìí ni kí ẹ rà fún ọkọ̀-ilé.

Sẹ́ńsọ̀ náà lè wà nínú táyà, tàbí kí a dè é mọ́ ẹnu fáàfù níta. Ti inú kò ṣeé jí, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ táyà ló máa fi í sí i, a sì ní láti tú táyà kí a tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ti ìta, ẹ lè fi í síbẹ̀ fúnra yín, ẹ sì lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Àmọ́ ó ń wọ fáàfù lọ́rùn, nítorí náà fáàfù onírin ló yẹ ẹ́, kì í ṣe ti rọ́bà.

Ẹ wo iye tí ẹ̀rọ náà lè wọ̀n dé. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sábà máa ń gba bar 2 sí 3. Táyà ọkọ̀-ilé lè gba 5.5, ìyẹn nǹkan bí psi 80. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún ọkọ̀ kékeré lè má ka nọ́ńbà dé ibẹ̀. Ẹ ka àgbá yín pẹ̀lú: bí ẹ̀yìn bá ní àgbá méjìméjì, mẹ́fà ni ẹ ó wá, kì í ṣe mẹ́rin. Bí ọkọ̀ bá gùn, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ìròyìn láti ẹ̀yìn wá síwájú wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ yan èyí tó ní ojú tirẹ̀ tí a lè gbé síwájú awakọ̀. Èyí tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan la ti lè wò ó máa dán awakọ̀ wò, fóònù lọ́wọ́ nídìí ọkọ̀ sì ń fa owó ìtanràn £200 àti póìǹtì 6 lórí láísẹ́ǹsì.

Nọ́ọ̀sì ni mí, nítorí náà ìkìlọ̀ ẹ̀rọ ni mo máa ń wò jù. Ní wọ́ọ̀dù, bí a bá to ìkìlọ̀ ẹ̀rọ súnmọ́ ara aláìsàn jù, á máa ké tọ̀sán tòru. Tó bá ké jù, etí wa á di sí i, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá sì di òótọ́, a lè rò pé ariwo àná ni. Táyà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yan ẹ̀rọ tí ẹ lè fúnra yín to ìkìlọ̀ rẹ̀. Bí ìwọ̀n yín bá jẹ́ 5.5 ní òwúrọ̀, kí ó ké tó bá dín ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn nǹkan bí 4.7. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè, nítorí táyà tó kúrò ní 5°C tó dé 25°C á fi nǹkan bí 0.5 bar kún ara rẹ̀. Ẹ má tú afẹ́fẹ́ yẹn dànù. Tó bá tutù, á padà síbi tó wà. Kí ẹ̀rọ náà máa ka ooru táyà, kí ó sì ní ìkìlọ̀ ọ̀tọ̀ fún afẹ́fẹ́ tó ń yára jò.

Ẹ̀rọ kò lè sọ iye tó yẹ kó wà nínú táyà fún yín. Ìwúwo ọkọ̀ ló ń sọ ọ́. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ wá fi àpò ìrẹsì, kúlà, ìkòkò ńlá àti ọmọ mẹ́rin kún un. Ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ sórí ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù àti ènìyàn nínú rẹ̀, kí ẹ mọ ohun tí iwájú àti ẹ̀yìn ń gbé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà ló máa sọ iye afẹ́fẹ́ tó bá ìwúwo yẹn mu. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa gbà lẹ́yìn 1996 sì dúró lórí kílò 3,500 fún irú ọkọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín rèé. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní Dagenham, nígbà tí táyà ṣì tutù, ẹ fi gééjì ọwọ́ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kí ẹ fi wé ti ẹ̀rọ. Bí ìkìlọ̀ bá ké lójú ọ̀nà A12, ẹ má pariwo. Awakọ̀ á di ìdarí ọkọ̀ mú ṣinṣin, á rọra dín eré kù láìfi agbára tẹ bíréèkì, á sì kúrò lójú ọ̀nà. Gbogbo yín á gba ẹnu ọ̀nà apá òsì sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó dúró lẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ títì, lẹ́yìn náà ni ẹ ó pe olùrànlọ́wọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ó ku máìlì mẹ́wàá kí a dé Clacton, a ó dúró.

Nínú Deuteronomi orí 22, a pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé titun pé kí ó mọ odi yí etí òrùlé ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀. Òfin náà kò dúró di ìgbà tí ènìyàn bá já bọ́. Ọkọ̀-ilé pẹ̀lú, ilé ni. Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín, kí ẹ sì wo ọdún tó wà lára táyà yín kí ọjọ́ Sátidé yìí tó kọjá.