Ihò Abẹ́ Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ohun tí mo fẹ́ kọ lónìí kì í ṣe ìwàásù. Ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀rí tí ènìyàn ń fi ijó àti ìlù jẹ́. Nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ mi ní Ìlerò, mo ti wàásù tó ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ibojì tí a fi ẹfun kùn, èyí tí Olúwa wa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Mátíù orí 23. Èmi náà ni mo wá gbé ibojì tèmi lọ fún ẹni tí yóò bá mi kùn ún.

Ìjàpá ni ọkọ̀ tí mo ń wí, Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì. Àwọn ọmọ òde òní lè má mọ̀ ọ́n mọ́. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí to irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba sì rà á gan-an. Ilẹ̀ Mexico ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn ní oṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní mílíọ̀nù 21 káàkiri ayé. Tèmi, ọwọ́ ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkèhò ni mo ti rà á ní 1998. Ó gbé mi lọ sí ìsìn òru, ó gbé aláboyún lọ sí ọsibítù, ó gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá ti ní Ìjàpá rí yóò mọ̀ pé abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, ni bátìrì rẹ̀ máa ń wà. Omi bátìrì a máa kán sílẹ̀, ásíìdì inú rẹ̀ a sì máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ní 2011 ni mo kọ́kọ́ rí i pé mo lè máa wo títì láti inú ọkọ̀. Mo wá pákó kan, mo tẹ́ ẹ sórí ihò náà, mo gbé bátìrì lé e, mo fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Mo ní bí owó bá dé, n ó tún un ṣe. Owó dé, owó tún lọ.

Ní 2014, ọmọ wa obìnrin wọ yunifásítì, a sì ń wá owó tí a ó fi fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ wa ní òun yóò ra Ìjàpá náà. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún àkọ́kọ́, abúlé tó ti ń kọ́ni sì jìnnà. A fẹnu kò sí ₦180,000. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n bá a tún ara rẹ̀ ṣe. Lóòótọ́, ara nìkan ni mo ní lọ́kàn.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì bítà kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò létí títì. Mùsùlùmí ni, Alájì ni gbogbo wa ń pè é, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Alágbẹ̀dẹ ni baba tó bí i. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe àwàdà pé ọkọ́ ni baba òun ń lù, ọkọ̀ ni òun ń lù, ohùn nìkan ló yí padà. Mo ní kó bá mi fi fílà dí fẹ́ńdà iwájú tó ti dógùn-ún yí iná ká, kó sì bá mi dí ti abẹ́ náà. (Fílà yìí kì í ṣe fìlà orí o. Nǹkan bí àtè ni, tí wọ́n ń pò, tó sì ń le bí òkúta. Bí wọ́n bá ti há a, tí wọ́n kùn ún, ojú kò lè mọ̀ pé kì í ṣe irin.)

Alájì gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó yọ pákó. Ó fi sukurudiráfà gún irin ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ó wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ.

Ó ní, "Pásítọ̀, ẹni tí ẹ fẹ́ tà á fún, ṣé ó mọ̀?"

Mo ní, "Alájì, iṣẹ́ ni mo gbé wá, n kò gbé ìbéèrè wá."

"Ẹ má bínú, sà. Mo lè bá yín fi fílà dí fẹ́ńdà, ìyẹn kò lè pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò jókòó lórí èyí. N kò lè ṣe é."

Mo wa ọkọ̀ mi lọ. Inú bí mi gidigidi. Kí n má purọ́, ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ ló bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ méjì, àdúrà mi kò kọjá àjà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi béèrè ìdí tí n kò fi jẹun, mo sì rò fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ṣé ẹ rántí pé ọkọ̀ yẹn la fi gbé wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn? Apá ọ̀tún ni ìyàwó jókòó sí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sọ́dọ̀ Alájì. Ó ní iṣẹ́ náà yóò gba ₦45,000. Mo ní ká ránṣẹ́ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó bóyá a ó rí àlòkù rà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí bátìrì ti jẹ tèmi náà ni yóò ti jẹ tibẹ̀, òun yóò kúkú fi ọwọ́ ṣe é.

Ọjọ́ méjìdínlógún ló gbà á. N kò ní ọkọ̀ tí n ó wà lọ ibòmíràn, nítorí náà mo jókòó tì í lọ́pọ̀ ìgbà. Ó kọ́kọ́ yọ bátìrì àti táǹkì epo, nítorí iwájú ni táǹkì Ìjàpá wà, iná kò sì mọ pásítọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí gé irin tó ti bàjẹ́. Ihò tí mo fi pákó kékeré bò di ohun tí ọmọdé lè gbà kọjá. Mo pariwo. Ó ní òun kò ní dúró títí òun yóò fi kan irin tó ń dán, nítorí bí òun bá jó irin tuntun mọ́ èyí tó ti jẹrà, ojú ibẹ̀ náà ni yóò tún já.

Ó fi páálí wọn àyè náà, ó gé irin pẹlẹbẹ tuntun tó nípọn díẹ̀ ju mílímítà kan lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí igi tí ó ti gbẹ́ ojú rẹ̀ ní kòtò tóóró, ó sì ń lu ìlà gígùn sí i lára. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ó ní irin tó tẹ́jú lásán a máa mì, a sì máa dún bí agolo, ìlà yẹn ló ń jẹ́ kó le. Nígbà tó ń fi gáàsì kábáìdì jó o mọ́ ara ọkọ̀, kò jó o lọ gbọọrọ. Ó jó díẹ̀ níhìn-ín, ó lọ jó díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ooru má baà ká irin náà kò.

Fẹ́ńdà ló yà mí lẹ́nu jù. Orí Peugeot 504 kan tó ti kú ló gé e lára. Ó gbé e sórí ìtì igi tó ní kòtò bí àwo ọbẹ̀, ó ń fi òòlù onígi lù ú láti etí wá sí àárín, títí tó fi ń yọ ikùn. Ó wá fi irin kan ti inú rẹ̀, ó ń fi hámà fẹ́ẹ́rẹ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tó bá yọ jù, a fi iná yá a, a fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́, irin náà a sì súnkì. Kì í fi ojú wò ó. Ó ń di ojú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó sì ń pa ti apá ọ̀tún, bóyá wọ́n bára mu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀ Aston Martin ní Newport Pagnell ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ olówó ńlá. Ìtì igi àti òòlù ni Alájì ní.

Ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a kọ́ nípa Besaleeli nínú Ẹ́kísódù orí 31, ẹni tí Ọlọ́run fi Ẹ̀mí kún fún iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n fi ṣe ìdánwò fún wa, mo sì yege. Ṣùgbọ́n n kò rò ó rí pé Besaleeli ń làágùn.

Owó ọmọ wa pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló yá wa, a kò sì san án tán títí di ọdún kejì. Nígbà tí olùkọ́ náà dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, mo ní kó mú ₦150,000 wá, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, láti orí pákó títí dé orí kápẹ́ẹ̀tì.

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, láti ìgbà wo ni ẹ ti mọ̀, sà?"

Mo ní, "Láti 2011."

Ọdún 2013 ni mo so wọ́n pọ̀. Mo rí i tó ń ṣírò rẹ̀ lójú mi. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ó fi ọwọ́ pa ojú ibi tí Alájì ti jó irin pọ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá wò ó. Ó wò ó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wá yí gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá, ó sì lọ jókòó sí apá òsì.

Wọ́n lo ọkọ̀ náà fún ọdún márùn-ún. Alájì sọ fún mi pé fẹ́ńdà ti tún ń mú ìpáàrà díẹ̀ nígbà tí wọ́n fi tà á, ṣùgbọ́n abẹ́ ṣì dúró.